« Nettoyeur de registre »: ṣé ó ń mú kọ̀ǹpútà yára lóòótọ́?

Kọ̀ǹpútà tó bá ti pẹ́ nílé máa ń falẹ̀. Ẹ tàn án, ẹ lọ pọn omi, ẹ padà dé, kò tíì ṣí tán. Ẹ fẹ́ ṣí lẹ́tà kan, òrùka kékeré yẹn á máa yí lójú yín. Tí ẹ bá wá ojútùú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní pẹ́ tí ẹ máa rí ìpolówó kan tó ń pariwo pé « registre » kọ̀ǹpútà yín ti dọ̀tí, pé àṣìṣe rẹpẹtẹ ló wà nínú rẹ̀, pé kí ẹ tẹ ibi báyìí kí logiciel kan bá yín fọ̀ ọ́, kí kọ̀ǹpútà lè máa sáré bíi tuntun. Irú logiciel bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nettoyeur de registre. Òmíràn jẹ́ ọ̀fẹ́, òmíràn ń gba owó.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdáhùn ná kí á tó ṣàlàyé: kò ní mú un yára ní ọ̀nà tí ẹ lè fojú rí, ó sì lè ba Windows jẹ́ débi pé kọ̀ǹpútà ò ní ṣí mọ́. Ẹni tó ní máàkì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ìṣirò owó ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí fọ́tò ìgbéyàwó nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yìí kàn án gan-an.

Kí ni registre yìí gan-an?

Ẹni tó ti lọ gba acte de naissance ní mairie rí ti mọ ohun tí registre jẹ́. Ìwé ńlá ni, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ìjọba ò mọ̀ ọ́n, ì báà jókòó síwájú wọn.

Windows náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi logiciel tuntun sí kọ̀ǹpútà, Windows á kọ ọ́ síbẹ̀: orúkọ rẹ̀, ibi tó wà lórí disque, irú fáìlì tó máa ń ṣí. Tí ẹ bá so imprimante mọ́ ọn, á kọ ìyẹn náà. Èdè clavier, àwòrán tó wà lójú écran, orúkọ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà náà, àwọn logiciel tó gbọ́dọ̀ tàn fúnra wọn láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú registre. Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní títàn, Windows ń yẹ ìwé yìí wò ni.

Kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo o. Márùn-ún tó ṣe pàtàkì jù, tí orúkọ wọn ń jẹ́ SYSTEM, SOFTWARE, SAM, SECURITY àti DEFAULT, wà nínú dossier C:\Windows\System32\config. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń lo kọ̀ǹpútà náà tún ní tirẹ̀, tó ń jẹ́ NTUSER.DAT. Ọdún 1992 ni registre kọ́kọ́ fara hàn, nínú Windows 3.1, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré ló ń ṣe nígbà náà. Láti Windows 95, tó jáde ní ọdún 1995, ló ti di ibi tí ètò Windows pọ̀ sí jù. Ṣáájú ìgbà yẹn, inú àwọn fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn ń parí sí .INI ni logiciel kọ̀ọ̀kan ń kọ tirẹ̀ sí, wọ́n sì wà káàkiri.

Ohun tí nettoyeur ń pè ní « àṣìṣe »

Tí ẹ bá yọ logiciel kan kúrò, ó sábà máa ń fi àkọsílẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Logiciel ti lọ, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. A lè pè é ní àkọsílẹ̀ òkú. Irú èyí ni nettoyeur ń wá kiri: á ka àdírẹ́sì tó wà nínú registre, á lọ wo ibẹ̀ lórí disque, tí kò bá rí nǹkan kan, á kọ « erreur ». Á kà wọ́n jọ: 300, 800, 1.500. Á fi àwọ̀ pupa kọ ọ́ kí àyà yín lè já.

Òótọ́ ni pé àwọn àkọsílẹ̀ òkú yìí wà. Kódà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows sí, tí kò ní àìsàn kankan, nettoyeur lè rí « àṣìṣe » nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé: ṣé àwọn ló ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀?

Ìdí tí wọn kì í fi í mú un falẹ̀

Windows kì í ka registre láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn kó tó rí ohun tó ń wá. Bí igi ni wọ́n ṣe tò ó: ẹ̀ka ńlá, ẹ̀ka kékeré, lẹ́yìn náà ewé. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń wá ilé kan ní Kétu. Á béèrè àdúgbò. Tó bá dé àdúgbò, á béèrè agbolé. Tó bá dé agbolé, á béèrè ẹni tó ń wá. Ilé mẹ́wàá tó ti di àlàpà ní àdúgbò mìíràn kò fi ìṣẹ́jú kan kún ìrìn rẹ̀, torí pé kò gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni Windows ṣe ń lọ tààrà sí àkọsílẹ̀ tó nílò. Àwọn àkọsílẹ̀ òkú jókòó sí àdúgbò tiwọn, wọn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní àkọsílẹ̀ òkú kọ̀ọ̀kan gba octet 200. Tí wọ́n bá jẹ́ 1.000, àpapọ̀ wọn jẹ́ octet 200.000, ìyẹn kilo-octet 200. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi téléphone yà sábà máa ń tóbi ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ní RAM 4 Go, ìlọ́po ẹgbàáwàá (20.000) rẹ̀ ló ní lọ́wọ́. Yíyọ kilo-octet 200 kúrò nínú rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bu ife omi kan kúrò nínú kànga. Kànga ò mọ̀ pé ẹ bu nǹkan kan.

Mark Russinovich, ọ̀kan lára àwọn tó mọ inú Windows jù lọ, tó wọ ilé iṣẹ́ Microsoft ní ọdún 2006, ti kọ ọ́ láti ọdún 2005 pé kódà tí registre bá wú gan-an, kò ní fa ìdíwọ́ tó ṣe gbòógì, àfi tí èèyàn bá dìídì ní kí wọ́n wá nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá?

Kò bẹ̀rẹ̀ lásán. Láyé Windows 95 àti Windows 98, RAM kọ̀ǹpútà kò ju mega-octet 16 tàbí 32 lọ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ààyè há nígbà náà, ohunkóhun tó bá wú, ẹ máa mọ̀. Windows 98 fúnra rẹ̀ ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ScanReg, tó ń yẹ registre wò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. Nínú Windows NT àti Windows 2000, ìwọ̀n kan wà tí registre ò gbọ́dọ̀ kọjá. Nígbà tí Windows XP jáde ní ọdún 2001, wọ́n yí bí registre ṣe ń lo RAM padà, wọ́n sì mú ìdíwọ̀n yẹn kúrò.

Microsoft gan-an ti ṣe nettoyeur rí. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé RegClean jáde. Nígbà tó yá, wọ́n mú un kúrò nílẹ̀. Wọ́n tún ní irinṣẹ́ mìíràn, Windows Installer CleanUp Utility, tó ń nu àkọsílẹ̀ àwọn logiciel tí ẹ yọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, wọ́n dá ìyẹn náà dúró, torí pé ó máa ń ba àwọn logiciel mìíràn jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹni tó kọ́ ilé bá sọ pé òun ò fọwọ́ kan òpó yẹn mọ́, kí ni àlejò ń wá níbẹ̀?

Láàárín fífọ̀ àti fífọ́

Nínú èdè wa, àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya fífọ̀ àti fífọ́ sọ́tọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ registre, wọn ò jìnnà síra wọn rárá.

Ẹ ronú pé ẹnì kan wọ mairie, ó ní òun fẹ́ tún ìwé ibẹ̀ ṣe. Ó gbé registre dání, ó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Ẹni tí kò bá bá nílé, á ya ojú ewé rẹ̀ dànù, á ní onítọ̀hún ti kú. Àmọ́ ọ̀kan wà lóko, ọ̀kan lọ ṣiṣẹ́ ní Abidjan, ọ̀kan kàn lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, wọn ò ní ìwé mọ́.

Ohun tí nettoyeur ń ṣe nìyẹn. Disque externe tí ẹ yọ lánàá, imprimante tó wà ní bureau nígbà tí ẹ̀yin wà nílé, dossier tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kò bá wọn níbẹ̀, á kà wọ́n sí òkú. Àwọn logiciel náà ní tiwọn: méjì tàbí mẹ́ta lè jọ máa lo fáìlì kan náà. Ẹ yọ ọ̀kan, nettoyeur rò pé àkọsílẹ̀ fáìlì yẹn ò wúlò mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn yòókù ṣì ń lò ó.

Àwọn àmì tí ẹ lè rí lẹ́yìn náà rèé:

– Word ò ṣí mọ́, tàbí ó ń ní kí ẹ tún òun fi sínú kọ̀ǹpútà.
– Ẹ tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tó máa fi ṣí i.
– Imprimante tàbí ohùn ti lọ.
– Logiciel tí ẹ rà ń béèrè nọ́ńbà licence lẹ́ẹ̀kan sí i.
– Écran di búlúù, tàbí Windows ò ṣí mọ́ rárá.

Ohun tó tún burú ni pé kì í fi gbogbo ìgbà hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè di ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó nílò ohun tí wọ́n gé dànù. Ẹ ò ní rántí mọ́ pé ẹ fọ nǹkan kan.

Microsoft kọ ọ́ kedere nínú ìlànà rẹ̀ pé òun kò fọwọ́ sí lílo nettoyeur de registre. Wọ́n ní ìṣòro tó ń tinú rẹ̀ wá lè le débi pé àfi kí ẹ tún Windows fi láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé àwọn ò lè ṣèlérí pé ó máa ṣe é tún ṣe láìṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tún wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Windows máa ń ṣe ẹ̀dà registre fúnra rẹ̀ sínú dossier kan tó ń jẹ́ RegBack. Láti Windows 10 version 1803, tó jáde ní ọdún 2018, kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ àyàfi tí èèyàn bá dìídì tàn án. Ẹ lè bá fáìlì níbẹ̀, àmọ́ òfìfo ni. Ẹni tó bá ń ronú pé « tó bá bàjẹ́, Windows á dá a padà », kó lọ wò ó dáadáa.

Ibi tó ti ń dun èèyàn jù ni èyí. Fífọ registre kì í pa lẹ́tà tàbí fọ́tò yín. Wọ́n ṣì wà lórí disque. Ṣùgbọ́n tí Windows ò bá ṣí, ẹ ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Tí onítọ̀hún bá sáré « formater » láì kọ́kọ́ kó fáìlì jáde, gbogbo rẹ̀ lè lọ. Nítorí náà, ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun: « Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kó fáìlì mi sórí disque mìíràn ná. » Disque kì í ṣòro yọ kúrò nínú kọ̀ǹpútà tó ti kú láti so ó mọ́ òmíràn, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀tàn tó wà nídìí rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣe nettoyeur ni gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpayà ni ọ̀pọ̀ fi ń tà. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ní Amẹ́ríkà, Office Depot gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 25, Support.com sì gbà láti san mílíọ̀nù 10, nítorí ẹjọ́ tí FTC pè wọ́n. FTC ni àjọ tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀. Ohun tí àjọ náà sọ ni pé tí oníbàárà bá gbé kọ̀ǹpútà wá, òṣìṣẹ́ á bi í ní ìbéèrè bíi « ṣé ó ń falẹ̀? ». Tó bá ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n sì fi àmì síbẹ̀, logiciel á sọ pé òun rí àmì virus, ì báà jẹ́ pé kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó ta àtúnṣe fún un, tó lè tó dọ́là 300.

Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ méjì tó wà ní orílẹ̀-èdè Cyprus, Restoro àti Reimage, gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 26 fún irú ẹ̀sùn kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ FTC ti ra ọjà wọn bí oníbàárà, wọ́n fi dán kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wò. Logiciel ṣì ní òun rí ìṣòro.

Orúkọ tó lókìkí pàápàá kì í ṣe ààbò. CCleaner jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ayé mọ̀ jù. Ní ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n fi virus pamọ́ sínú version 5.33, tó jáde ní oṣù kẹjọ. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 2,27 èèyàn ló ní version náà lórí kọ̀ǹpútà wọn kí wọ́n tó rí i ní oṣù kẹsàn-án. Logiciel tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá, tí olè bá wọ inú rẹ̀, gbogbo yàrá lolè wọ̀.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn: ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè rí registre yín. Tí ẹ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí nǹkan kan yọ lójijì, tó ní òun ti ka àṣìṣe inú registre yín, irọ́ ni. Ẹ má tẹ ibì kankan nínú rẹ̀, ẹ má pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ẹ ti ojú ìwé náà pa, ó parí.

Kí ló wá ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀, kí ni ká ṣe?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àìsàn wà. Àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kò náni lówó, àfi èyí tó kẹ́yìn. A fi orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú Windows ti Faransé kọ wọ́n.

1. Ẹ ṣe « Redémarrer ». Ọ̀pọ̀ rò pé tí àwọn bá ti tẹ « Arrêter », gbogbo nǹkan ti kúrò ní RAM. Nínú Windows 10 àti 11, tí « Démarrage rapide » bá wà ní títàn, Windows á tọ́jú apá kan pamọ́ sórí disque, á sì gbé e padà lọ́jọ́ kejì. « Redémarrer » ló ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo ní ọ̀tun. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

2. Ẹ wo ohun tó ń jẹ ẹ́. Ẹ tẹ Ctrl, Maj àti Échap pọ̀. « Gestionnaire des tâches » á ṣí. Tó bá ṣí ní kékeré, ẹ tẹ « Plus de détails ». Ẹ máa rí Processeur, Mémoire àti Disque. Èyí tó bá ń sún mọ́ 100 % nígbà tí kọ̀ǹpútà ń falẹ̀ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ tẹ orí orúkọ rẹ̀, logiciel tó ń jẹ jù á wá sókè. Ọ̀pọ̀ ìgbà, navigateur tí ẹ ṣí ojú ìwé ogún sínú rẹ̀ ni ẹ máa bá níbẹ̀.

3. Ẹ dín àwọn tó ń tàn fúnra wọn kù. Nínú Gestionnaire des tâches yẹn náà, ẹ lọ sí « Démarrage », tí wọ́n ń pè ní « Applications de démarrage » nínú Windows 11. Logiciel tí ẹ ò nílò gbàrà tí kọ̀ǹpútà bá tàn, ẹ yàn án, ẹ tẹ « Désactiver ». Kò pa á rẹ́, ó kàn ní kó dúró kí ẹ pè é. Antivirus nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ibí yìí ni ẹ ti máa rí ìyàtọ̀ tó hàn, láì fọwọ́ kan registre.

4. Ẹ wá ààyè lórí disque. Disque tó kún bámúbámú ń fún Windows lọ́rùn. Ẹ lọ sí « Paramètres », « Système », « Stockage », lẹ́yìn náà « Fichiers temporaires ». Ẹ wo àwọn ibi tí wọ́n fi àmì sí dáadáa kí ẹ tó tẹ « Supprimer »: tí àmì bá wà ní « Téléchargements », ẹ yọ ọ́, torí pé gbogbo ohun tí ẹ ti gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa lọ. Ẹ ṣí « Corbeille » náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó dà á nù. Fíìmù àti fọ́tò tó pọ̀, ẹ kó wọn sórí disque externe.

5. Ẹ wá virus. Clé USB tó ń lọ láti ilé ìtẹ̀wé dé ilé ẹ̀kọ́ dé bureau kì í dá lọ. Ẹ ṣí « Sécurité Windows », « Protection contre les virus et menaces », « Options d'analyse », ẹ yan « Analyse complète ». Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ẹ jẹ́ kó parí. Antivirus yìí wà nínú Windows 10 àti 11 láìsan owó, ẹ ò nílò méjì. Ẹni tó ṣì ń lo Windows 7, kó mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020.

6. Ẹ nu eruku. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ń wọ inú kọ̀ǹpútà, ó ń dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Tí processeur bá gbóná jù, ó máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Ẹ ó rò pé Windows ló ń ṣàìsàn, ooru ni. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ojú ihò atẹ́gùn. Ẹ má gbé laptop sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, orí tábìlì ló dáa.

7. Ẹ wo disque àti RAM. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti lò rí ní Yúróòpù, tí wọ́n ń kó wá tà níbí, ṣì ní disque dur àtijọ́, tó ń yí bí àwo orin. Disque SSD kò ní ohun tó ń yí nínú. Ó lè ka fáìlì ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ní owó tí ẹ fẹ́ ná lórí kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ná an sí, kì í ṣe lórí nettoyeur. RAM náà ń kọ́? 4 Go ni ó kéré jù tí Windows 11 gbà; 8 Go ni ara á ti tù yín díẹ̀. Tí disque àtijọ́ bá ń dún « kẹ́kẹ́kẹ́ », tó sì ń falẹ̀ sí i lójoojúmọ́, ó lè máa kú lọ. Ẹ kó fáìlì yín jáde lónìí, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la.

Tí ẹ bá ti lo nettoyeur tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ yọ nettoyeur náà kúrò, ẹ má lò ó mọ́.

Tí nǹkan ti yí padà, ẹ ṣí nettoyeur yẹn, ẹ wò ó bóyá ó ṣe ẹ̀dà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń béèrè, ẹ̀dà náà sì máa ń jẹ́ fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .reg. Tẹ fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, Windows á béèrè bóyá ẹ fẹ́ dá a padà. Tí kò bá sí, ẹ wá « Restauration du système », ẹ yan ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fọ̀ ọ́. Kò ní pa lẹ́tà àti fọ́tò yín rẹ́, àmọ́ logiciel tí ẹ fi sí i lẹ́yìn ọjọ́ náà lè lọ.

Tí Windows ò bá ṣí rárá, tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mélòó kan tí kò lè ṣe é, ó sábà máa ń gbé ojú ìwé àtúnṣe búlúù kan wá fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí « Dépannage », « Options avancées », ẹ máa rí Restauration du système níbẹ̀ náà.

Kí ẹ lè ní ibi ìpadàsí, ó yẹ kí Restauration yìí ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, kì í sì í fi gbogbo ìgbà wà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ « Créer un point de restauration » sí ibi ìwákiri Windows. Ẹ yan disque C, ẹ tẹ « Configurer », ẹ yan « Activer la protection du système », lẹ́yìn náà ẹ tẹ « Créer ». Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ ṣe é lónìí, kí ìṣòro tó dé.

Àwọn ìbéèrè kéékèèké

Ṣé kò sí ìgbà kankan tí èèyàn lè fọwọ́ kan registre? Ó wà. Ẹni tó ṣe logiciel lè kọ ọ́ pé kí ẹ yí àkọsílẹ̀ kan pàtó padà, tàbí kí oníṣẹ́ yọ èyí tí virus kọ síbẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ó mọ ohun tó ń wá, ó mọ ibi tó wà, ó sì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà. Kì í ṣe pé kó gé ẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìmọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ẹnì kan lò ó, ó ní kọ̀ǹpútà òun yára lẹ́yìn náà. Ó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ irú logiciel yìí tún máa ń pa fáìlì temporaire rẹ́, wọ́n sì máa ń dá àwọn tó ń tàn fúnra wọn dúró. Àwọn yẹn ló ṣiṣẹ́. Ẹ ti rí i lókè pé ẹ lè ṣe méjèèjì fúnra yín, láìsan kọ́bọ̀.

Téléphone ńkọ́? Android kò ní registre bíi ti Windows. Ìpolówó tó bá ní òun fẹ́ fọ registre téléphone yín, ẹ má dá a lóhùn.

Ní kúkúrú

Kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀, ibi mẹ́rin ni kí ẹ wò: ohun tó ń tàn fúnra rẹ̀, ààyè lórí disque, virus, àti ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ìyẹn ooru, RAM àti disque. Registre kò sí nínú wọn. Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ fún Windows tó ń kọ ọ́. Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà fáìlì yín sí ibòmíràn lóṣooṣù, torí pé kọ̀ǹpútà ṣeé rà lọ́jà, ṣùgbọ́n máàkì ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti ìṣirò owó ẹgbẹ́ kò ṣeé rà.